Ọ̀bọ Tó Rìn Dé Ìkìrun

Kọ̀ǹpútà mẹ́wàá ni ìjọba kó fún wa ní Òkè-Báálẹ̀,
mẹ́rin ló ń jí.
Lójú àwọn mẹ́fà yòókù, eruku ló ń kàwé.
Ọmọ mọ́kàndínlógójì, aago méjì ọ̀sán,
oòrùn ń yan páànù lórí wa bí ẹni ń yan àgbàdo,
èmi sì dúró níwájú pátákó,
mò ń kọ ọ̀rọ̀ tí ẹnu èmi gan-an kò gbà:
"Ètò ni àkójọ àṣẹ tí a tò tẹ̀ léra wọn..."
Lẹ́yìn pátápátá, Múfútáù ti ń hanrun.
N kò nà án. Ká sọ tòótọ́, oorun ń kun èmi náà.

Mo nu pátákó.
Mo ní, "Ta ni ọ̀bọ ti gba ẹ̀pà lọ́wọ́ rẹ̀ rí?"
Kíláàsì jí.
Ta ni kò mọ àwọn ọ̀bọ igbó Ọ̀ṣun,
tí wọ́n ń gba búrẹ́dì lọ́wọ́ àlejò
bí ẹni ń gba owó orí?

Fadérera ya ọ̀kan sójú ẹ̀rọ: orí rẹ̀ tóbi ju ikùn lọ,
ìrù rẹ̀ ká bíi wáyà iná tó já.
A ya afárá síwájú rẹ̀, a gbé ẹ̀pà sí òdìkejì.
"Ó yá, ẹ ní kó lọ."
"Lọ!" Gbogbo wọn pariwo.
Ọ̀bọ kò mira.
Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí,
ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í ṣe ọmọlúàbí,
kò ní inú tí àbọ̀ yóò ti di odindi.
Nítorí náà: gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún. Gbé ẹsẹ̀ òsì.
Gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún. Gbé...
"Ọ̀gá, ọwọ́ ń ro mí," Múfútáù ló sọ ọ́,
"ṣé a ò kàn lè ní kó máa ṣe é lọ bẹ́ẹ̀ ni?"
Ẹ̀kọ́ tí mo ti ń lé kiri fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta,
ẹnu ẹni tó ń hanrun ló ti bọ́.

A kọ ọ́: máa ṣe é lọ. Ọ̀bọ gbéra,
ó kọjá afárá, ó kọjá ẹ̀pà,
ó kọjá etí ojú ẹ̀rọ, kò wẹ̀yìn.
"Ó ti dé Ìkìrun!"
Ni gbogbo wa bá bú sẹ́rìn-ín.

NEPA mú iná lọ. Kò yà wá lẹ́nu.
A jáde sábẹ́ máńgòrò, Múfútáù di ọ̀bọ,
Fadérera ń ka àṣẹ sí i létí:
bí o bá rí ẹ̀pà, bẹ̀rẹ̀ mú un; bí bẹ́ẹ̀ kọ́, máa lọ.
Ó forí sọ igi,
nítorí kò sẹ́ni tó dárúkọ igi.
Ẹ̀kọ́ nìyẹn náà.

Ọmọ kan wà tí kì í sọ̀rọ̀, Ràlíátù.
Ìyá rẹ̀ wọ ọkọ̀ ní oríta Ọláìyá lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn,
ó ní òun ń bọ̀.
Nígbà tí kálukú ń kọ ìtàn tirẹ̀, ti Ràlíátù kúrú:
ọmọ ọ̀bọ kan lórí ẹ̀ka, àpò ẹ̀pà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.
Títí ìyá yóò fi dé:
    wo ọ̀nà.
    ṣẹ́jú.
    má jẹ ẹ̀pà náà tán.

Mo wá ìyá náà káàkiri inú ètò.
Kò yà á síbì kankan. Kò sí ìlà kan tó ní kó dé.
Mo mọ orúkọ àṣìṣe yìí,
mo ti fi bíìrò pupa fa irú rẹ̀ nínú ìwé àìmọye ọmọ.
Mo dé bíìrò mi lórí.
Mo jókòó tì í.
Ọmọ ọ̀bọ wo ọ̀nà, ó ṣẹ́jú,
ó wo ọ̀nà.
"Ọ̀gá," ó wí, ohùn rẹ̀ àkọ́kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà,
"báwo ni wọ́n ṣe ń ya ọkọ̀?"