Ta Ní Í Gbin Koríko?

Orí gẹ̀rẹ́ la máa ń gbé e sùn.
Bátìrì rẹ̀ kú lọ́dún tí Bàbá kú:
a sin ọ̀kan,
a ò rówó ra èkejì.
Ní ìdájí, mo yọ òkúta lẹ́sẹ̀ táyà,
katakata náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí wálẹ̀
jẹ́jẹ́, bí àgbàlagbà tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì.
Mo gbẹ́sẹ̀ lórí kílọ́ọ̀ṣì.
Ó húkọ́. Ó tún húkọ́.
Èéfín dúdú bo igi ẹ̀mí etí pápá.
Ó jí.

Ẹ̀rọ ìfúnrúgbìn tó so mọ́ ọn nídìí dàgbà jù mí lọ.
Ihò mẹ́jọ ló ní.
Agbọ́n ti fi amọ̀ kọ́lé sínú ìkẹta,
mo fi sípóòkù kẹ̀kẹ́ gún un títí tó fi là.
Ìpata ti jẹ ọ̀pá ìkeje tán,
mo gé nínú rọ́bà omi ìyá mi fi rọ́pò rẹ̀
(kò tíì mọ̀).
Lára àpótí, ọwọ́ Bàbá ṣì wà níbẹ̀ ní ọ̀dà funfun:
ÀGBÀDO NÌKAN.

Ẹ má bínú, Bàbá.
Ilẹ̀ tí ẹ fi sílẹ̀ ti rẹ̀.
Pátákò màlúù ti tẹ̀ ẹ́ le bí ilẹ̀ oní-símẹ́ńtì,
òjò á dé, á wojú rẹ̀,
á gba ọ̀nà odò lọ.
Mo lọ ra yánmọtí ní Tákíè,
mo bu ẹ̀wà, òtílí àti ọkà bàbà sí i,
pẹ̀lú èso eèsún tí Dẹ́mmò, ọmọ Gàá ẹ̀yìn odò,
fi ọwọ́ ya fún odidi ọ̀sẹ̀ kan.

Díákónì Ọyágbilé dá kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dúró.
“Kí lò ń gbìn?”
“Koríko, sà. Àti ẹ̀wà tí a ò ní sè.”
Ó wò mí bí ẹni wo ọmọ tó ń ponmi dà sódò.
“Ọkọ́ mẹ́rin ni mo fi bá koríko jà láyé mi.
Ọkọ́ gbó, koríko ò gbó.
Ta ní í gbin koríko?”
Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ.
Ẹ̀rín rẹ̀ dé ìyànà Ìkòyí kó tó tán.

Mi ò dá a lóhùn, ẹ̀rọ ni mò ń gbọ́.
Kò sẹ́ni tó sọ fún mi
pé gbígbọ̀n ẹ̀rọ a máa tú irúgbìn ká:
yánmọtí yọ́ sá lọ sí ìsàlẹ̀ bí olè,
ẹ̀wà gòkè, ó jókòó bí olóyè,
eèsún fúyẹ́ ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ, ó kọ̀, kò bọ́ sí ihò.
Poro àkọ́kọ́, yánmọtí ṣáá ni.

Ìyá mi gbé korobá yanrìn dé.
“Ohun tí kò bá fẹ́ dúró pọ̀,
yanrìn tútù ni kí o fi bá a wí.”
Dẹ́mmò dúró sẹ́yìn ẹ̀rọ,
ó ń fi ọ̀pá darandaran ro inú àpótí bí ẹni ro ògì,
ẹ̀ka igi ẹlẹ́gùn-ún tí a so mọ́ ìdí ń wọ́ tẹ̀lé wa,
ó ń da erùpẹ̀ bo ohun tí a ṣe.

Òjò ò wá lọ́jọ́ Ajé.
Àparò wá, wọ́n jẹun, wọn ò sanwó.
Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni páànù orí ilé tó pariwo.

Ọjọ́ kẹsàn-án, mo bọ́ bàtà wọ pápá.
Wọ́n ti yọ, wọ́rọwọ̀rọ,
àfi poro kẹta tó ṣófo láti òkè dé odò.
Agbọ́n ti padà sílé.
Ìyá mi ti ṣáájú mi débẹ̀,
ó ká etí ìró rẹ̀ dání,
ó ń fi gìgísẹ̀ gbẹ́ ihò, ó ń ju irúgbìn sí i,
ó tún ń fi ẹsẹ̀ bò ó.
Mo yọjú wo inú ìró náà:
ẹ̀wà, òtílí, ọkà bàbà,
àti àgbàdo bí ẹ̀kúnwọ́ kan
tí n kò rà.
Mi ò béèrè.
Òun náà ò bi mí léèrè rọ́bà omi rẹ̀.