Ojú Tó Kù

Mo gbéra ní Ìyàrá kí oòrùn tó yọ,
mo wọkọ̀ lọ sí Kàbà lọ́jọ́ ọjà.
Owó tí mo dì mọ́ etí ìró kì í ṣe owó aṣọ,
kì í ṣe owó iyọ̀.
Ojú lọba ara, àbí?
Ọba kan ti wàjà lójú ìyá mi.
Èyí tó kù ni mo fẹ́ ra ààfin fún.

Òkúta ni ìyá mi ń fọ́ lẹ́sẹ̀ òkè,
òòlù kan, àti awẹ́ táyà tó ká bí òṣùká
tó fi ń sé òkúta mọ́, kí ẹ̀rún má baà fò.
Ó fò.
Lọ́dún tí mo wọ kíláàsì kẹrin,
ẹ̀rún kan tí kò tó hóró ìrẹsì
wá sin gbèsè owó ilé-ìwé mi.

"Ọ̀kún o," Méjàbí kí mi láàárín irin àti ìṣó.
"Ọ̀kún. Awò tó ń dé ojú pa ni mo ń wá."
Ó na ọ̀kan sí mi, dúdú, ó ń dán bí bàtà ọkọ ìyàwó,
ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ṣí gbayawu.
Mo dá a padà. Eruku kì í kan ilẹ̀kùn.

Mo gbé òmíràn. Mo fi ìka tọ etí rẹ̀ yíká,
ìmọ̀lẹ̀ yọjú sí mi níbi igun imú.
Ẹni tó rọ èyí, imú tirẹ̀ á dúró ṣanṣan bí ọ̀bẹ;
imú ilé wa jókòó ni,
ó na ẹsẹ̀.

Ẹ̀kẹta dé pa. Ṣùgbọ́n ìyá mi a máa làágùn
bí ìkòkò omi tuntun,
nítorí náà mo mí hàà sínú rẹ̀:
ó funfun báláú, ó fọ́jú mọ́ mi lọ́wọ́.
Afọ́jú méjì, ta ni yóò mú ta lọ́wọ́?

Méjàbí mí kanlẹ̀. Ó gun àpótí, ó sọ ọ̀kan kalẹ̀ látòkè àjà.
Rọ́bà rẹ̀ rọ̀ bí etí ọmọ tuntun,
ihò rẹ̀ wà lókè, ó yí kọ́rọ́ bí ihò òkété:
atẹ́gùn mọ̀nà, eruku ṣìnà.
Mo mí hàà. Kùrukùru gùn ún.
Kí n tó ka ení, èjì, ó ti sá.
"Wọ́n fi nǹkan pa inú rẹ̀," ó ní. "Ẹ má fi etí ìró nù ún o!
Omi ni kí ẹ dà sí i, kí ẹ gbọ̀n ọ́n."
Owó ọkọ̀ tí ǹ bá fi padà wọ inú rẹ̀.

"Ṣé kí n wá dà bí ẹja inú ike ni?"
Ìyá mi ò tiẹ̀ kí mi káàbọ̀.
A wọ̀ ọ́ fún un ṣáá. Ìbítómi da ata gbígbẹ sínú iná,
gbogbo agboolé ń wúkọ́, ewúrẹ́ ń sín,
ekún ata ń bọ́ lójú tọmọdé tàgbà.
Ìyá mi jókòó láàárín èéfín, ó ń wò wá,
ojú tó kù gbẹ táútáú.

Nígbà tó yá ni mo rí i, lẹ́yìn dígí,
lápá ibi tí ojú ti kú:
omi kan ṣù jọ síbẹ̀, kò rọ́nà jáde.
Èéfín kọ́.
Mo mọ̀ pé awò náà dé pa.

Ó ní kí n bá òun dẹ okùn ẹ̀yìn díẹ̀,
ó ń fa òun nírun.