Ìrù Ẹja Rọ́bà

Ìrù ló ń bá ẹja parọ́.
Orí ò ṣe nǹkan kan, ojú tí wọ́n fi ọ̀dà kùn ò ríran;
ìrù tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ló ń jó nínú omi
tí àrọ̀ fi ń rò pé oúnjẹ ń kọjá lọ.
Bí ìrù bá ti já, ó di rọ́bà lásán.

Mẹ́rìndínlógún ni ọkọ ọmọ mi, Ọmọ́yájowó, kó wá fún mi
nígbà tó ti òkè òkun dé.
Ó ku márùn-ún.
Ẹja inú dáàmù Ìtàpàjì kì í ṣe ẹja tí ń fi ètè jẹun.
Ìlésanmí, tí a jọ ń jókòó lórí òkúta etí omi,
na agolo ekòló rẹ̀ sí mi, ó rẹ́rìn-ín:
“Tíṣà, bí tèmi bá já, ilẹ̀ ni mo tún ń wà.”
Mi ò dá a lóhùn.
Owó ìfẹ̀yìntì kì í ra ẹja rọ́bà,
n kò sì lè pe ọmọ ọlọ́mọ lórí fóònù
pé ìrù já.

Mo kọ́kọ́ mú gúlù káfíńtà, funfun bí ògì,
èyí tó ṣẹ́kù níjọ́ tí wọ́n kan ilẹ̀kùn wa.
Ó gbẹ lójú fèrèsé, ó ń dán, inú mi dùn.
Ìṣẹ́jú mẹ́ta nínú omi,
ó padà di ògì.

Mo wá ra sùpà gúlù.
Ìyẹn ò mọ eré: kí n tó mí, ó ti lẹ̀,
ó lẹ ìka mi méjì mọ́ ìrù.
“Uyán ti tutù lúlé o,” ni ìyàwó mi ń pè,
ó rí ọwọ́ mi, ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́.
Ojú ibi tó lẹ̀ le gbagidi bí èékánná.
Ìrù tó yẹ kó máa jó
dúró ṣánṣán bí ọmọ tí mo ní kó nawọ́ sókè lẹ́yìn kíláàsì.
Nígbà tí mo jù ú lẹ́ẹ̀kẹta, ó kán.
Kò já o. Ó kán bí igi gbígbẹ,
mo gbọ́ ọ.

Mo gbé e lọ bá Fálúyì tí ń tún bàtà ṣe,
torí gọ́ọ̀mù bàtà, mo rò ó, a máa tẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀.
Fálúyì fi àtàǹpàkò ra ẹja náà, ó gbọ́ òórùn ìka rẹ̀.
“Epo ń làágùn lára eléyìí.
Gọ́ọ̀mù mi á yọ̀ lórí rẹ̀ bí imú ọmọdé.
Má lẹ̀ ẹ́, Tíṣà. Yọ́ ọ.”
Ó fi ẹnu ọ̀bẹ sórí iná àbẹ́là,
ó ki ọ̀bẹ sáàárín ara àti ìrù,
ó fà á yọ wéré, ó fún wọn pọ̀.
Èéfín ta wá lójú. A yíjú sẹ́yìn, a kà dé ogún.
Ara rẹ̀ náà ni àtè rẹ̀.
Mo tẹ̀ ẹ́: ó tẹ̀. Mo fà á: ó tẹ̀ lé mi.
Kò gbowó. Ó ní kí n mú ẹja bọ̀.

Sátidé, kùrukùru ò tíì kúrò lórí òkè.
Mo jù ú, mo rọra ń fà á, ìrù ń parọ́ rẹ̀ lọ,
omi sì là gbàù!
Ọ̀pá tẹ̀, okùn ń ké, Ìlésanmí dìde dúró,
lẹ́yìn náà okùn dẹ̀.

Mo fà á sókè. Ìrù ti lọ.
Ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú ibi tí a yọ́ ló já,
ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni, níbi tí ọ̀bẹ ò dé.
Àpá Fálúyì wà níbẹ̀ gbọinrin, ó nípọn díẹ̀, ó dúdú díẹ̀.
Mo fi han Ìlésanmí. Kò rẹ́rìn-ín.
Ó ní, “Ìrù wo lo fẹ́ fi sí i báyìí?”

Ọ̀kan wà nínú àpótí, aláwọ̀ ewé, tí kò lórí.
Ó ṣì ku márùn-ún.
Fálúyì ń retí ẹja.