Ìlà Kẹtàdínlógójì

A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ.
Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ́ bí a ṣe ń kà wọ́n:
ẹgbẹ̀rún èèyàn tó pé ogójì ọdún lónìí,
mélòó ni yóò jẹ iṣu tuntun tọdún tó ń bọ̀,
mélòó ni iṣu náà kò ní bá nílé.

Ìyá mi ń ṣa òkúta inú ẹ̀wà
lẹ́yìnkùlé wa ní Alékúwodò, ó bi mí:
"Àsàkẹ́, iṣẹ́ wo gan-an lo kọ́?
Ọmọ Ìyá Súbù kọ́ nọ́ọ̀sì, mo mọ nọ́ọ̀sì.
Ti Alága kọ́ lọ́yà, ẹnu ni wọ́n fi ń jẹun."
Mo ní, "Ìṣirò ewu ni, màámi."
Ó wò mí bí ẹni ń wo àwo tó sán.
"Ṣé ewu máa ń dúró ká kà á ni?"
Mo fẹ́ dáhùn, iná lọ.

Ìdánwò àwọn akọṣẹ́mọṣẹ́ gbé mi lulẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.
Ẹ̀ẹ̀kẹta, abẹ́ iná ilé epo kan ní Òkè-Fìà ni mo ti kàwé,
nítorí jẹnẹrétọ̀ tiwọn kì í sùn.
Ọmọkùnrin tó ń ta epo mọ ojú ewé tí mo wà.
Bí mo bá ṣí i sẹ́yìn, a ní,
"Sìsítà, ẹ ti kọjá ibẹ̀ yẹn lánàá."
Òun ni mo kọ́kọ́ sọ fún pé mo yege.
Ó fún mi ní omi inú ọ̀rá kan, kò gbowó.

Yàrá méjì ni ọ́fíìsì wa, lókè ṣọ́ọ̀bù oníbàtà,
lẹ́bàá ojú irin tí koríko ti ń bò.
Ọ̀gá mi, Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúbọ̀sún, a máa sọ pé:
"Àwa ò ta adójútòfò.
Iye tó yẹ kó jẹ́ là ń sọ, fún ẹni tó ń tà, fún ẹni tó ń rà.
Bí o bá parọ́ fún ọ̀kan, o ti ja méjèèjì lólè."

Àwọn onípákó ojú ọ̀nà Ìlobùú ni oníbàárà mi àkọ́kọ́.
Igba èèyàn ó lé mẹ́rìnlá.
Akọ̀wé wọn kó orúkọ wá nínú ìwé kan
tí ìyẹ̀fun igi kún àárín rẹ̀.
Ọjọ́ orí? Àwọn kan kọ "ọdún tí afárá wó".
Mo jókòó, mo sọ afárá di nọ́ńbà.
Mo ní láàárín ọdún kan, èèyàn mẹ́ta lè lọ.
Alága wọn ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Gbogbo ilé ní, "Àmín!"
Mo ṣe àmín pẹ̀lú wọn,
mo sì fi mẹ́ta náà sílẹ̀ níbi tí mo kọ ọ́ sí.
Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan.
Wọ́n kùn. Wọ́n san.

Nínú ọyẹ́, ìtì igi kan yí láti orí lọ́rì.
Ìlà kẹtàdínlógójì: Múfútáù Ọ̀ṣúntókì,
ọdún mọ́kànlélógójì, ìyàwó kan, ọmọ mẹ́rin.
Rúlà mi ti kọjá lábẹ́ orúkọ yẹn rí.

Wúlẹ̀mọ́tù ìyàwó rẹ̀ tẹ àtàǹpàkò síbi tí mo tọ́ka sí.
"Wọ́n ní ìwọ lo kọ ọ́ pé ikú ń bọ̀.
Ta ló sọ fún ọ?"
Mo ní kò sẹ́ni tó sọ fún mi.
Mo mọ̀ pé ẹnìkan á lọ, n ò mọ orúkọ rẹ̀.
Ó dákẹ́ títí àdìyẹ fi gba àárín wa kọjá.
"Èmi ńkọ́? Ọdún mélòó lo kọ fún mi?"

Ó wà nínú báàgì mi, ojú ewé kejì, ìhà àwọn obìnrin.
N ò ṣí i.
Mo bá a ka owó náà, ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba,
mo tún un kà nítorí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n,
mo tún un kà nítorí ọwọ́ tèmi náà ń gbọ̀n.