Ihò Kan ní Lọ́ńdọ̀nù

Ní Aké, nílé ìtẹ̀wé, èmi Jòsáyà Ṣóẹ̀tan
ń to lẹ́tà òjé,
ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ni mo máa ń rí kí n tó rí ojú rẹ̀.
Ìwé dé láti Èkó, ó ti pẹ́ lójú omi:
ẹgbẹ́ òṣèlú kan ní Lọ́ńdọ̀nù ti fọ́.

Àwọn aṣáájú fẹ́ kí ìbò dé ọwọ́ alágbẹ̀dẹ,
ẹni tó ń san pọ́n-ún méje owó ilé lọ́dún.
Bí ogójì nínú ẹgbẹ́ kan náà fa aṣọ mọ́ra,
wọ́n ní ọwọ́ ti fẹ́ pọ̀ jù nínú àwo.
Wọ́n yẹra.
Wọ́n bá sọ wọ́n ní ará Ihò Adulamu.

Ibẹ̀ ni lẹ́tà u ti tán lọ́wọ́ mi.
Mo mú n kan, mo yí i dorí kodò, mo fi dí àyè rẹ̀.
Ọ̀gá kò fura.

Ṣùgbọ́n èmi mọ ihò.
Ẹfúndùnkẹ́, ìyá ìyá mi, lọ ata lábẹ́ Olúmọ;
kòtò ọlọ rẹ̀ ṣì wà lára àpáta,
mo ti ki ìka bọ̀ ọ́.
Kò sẹ́ni tó bi í pé èló lo ń san nílé.
Ilé wo? Ogun ti jó o.
Ará Ìkìjà, ará Ìgbẹ̀ìn,
onígbèsè, ẹni tí ọmọ rẹ̀ sọnù sójú ọ̀nà,
wọ́n ń sún, wọ́n ń sún, kí ẹlòmíràn lè rí ibi fẹ̀yìn lé.

Ti Lọ́ńdọ̀nù ńkọ́?
Ta ló lé wọn? Idà ta ni wọ́n rí?
Wọ́n wọ ihò kí ẹlòmíràn má baà wọlé.

Mo sọ ọ́ fún Bẹnáyà ẹ̀gbọ́n mi,
tó bínú kúrò nípàdé àwọn olówùú ní Ìtòkú
lọ́jọ́ tí wọ́n gba ọmọ àlejò láàyè ìjókòó.
Ó ní, "Kí ló kàn ọ́ nínú ọ̀rọ̀ òyìnbó?"
Ó ń yọ kóró òwú lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Lọ́dún kejì, ìwé mìíràn dé.
Ìjọba ẹgbẹ́ wọn ti ṣubú;
ìbò tí wọ́n há fún alágbẹ̀dẹ,
alátakò ló wá bù ú fún un, ó tún ṣe é ní ẹ̀kún.
Wọ́n sá fún ìrì, wọ́n bọ́ sódò.

N kò rí i tẹ̀.
Oṣù yẹn ni ìlú ya wọ ilé ìtẹ̀wé,
òjé fọ́n ká sínú ẹrẹ̀.
Mo ṣa ẹyọ kan, mo nù ún,
mo yí i síhìn-ín, mo yí i sọ́hùn-ún:
n kò mọ̀ bóyá u ni, àbí n.