Ohun Tí Olè Fi Sílẹ̀

Wọ́n ní kí n má wulẹ̀ yọjú síbẹ̀.
Kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo, aláwọ̀ ojú ọ̀run, tó ní agbọ̀n níwájú,
ní Winsum, níbi tí afẹ́fẹ́ òkun ti ń tẹ koríko lórí ba:
"Wietske, fún bàbá náà ní nọ́ńbà,
kó gbé e lọ fún àwọn adójútòfò."
Ọ̀gá mi kò burú. Òkú ló kún orí tábìlì rẹ̀.

Mo lọ ṣá. Ọjọ́ Ẹtì ni, òjò ti ṣú,
òjò kì í sì í bèèrè kó tó fọ ẹ̀rí dànù.
Tjaard Bolhuis dúró lẹ́nu ọ̀nà àká rẹ̀,
ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, ó wọ bàtà onígi.
Ó ní, "Ti ìyàwó mi ni. Kò sẹ́ni tó gùn ún láti ìgbà tó ti kú.
Oṣooṣù ni mò ń pọ́ǹpù táyà rẹ̀."

Wọ́n ti mọ olè kí n tó dé.
Filmon ni, ọmọ Eritrea tó ń gbé létí odò tí a fọwọ́ gbẹ́,
tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin.
Ta ló tún mọ bí wọ́n ṣe ń já ṣéènì?
Ẹnu ti mú un; ojú ò rí i.

Mo kúnlẹ̀.
Iṣẹ́ mi kò lárinrin: ìkúnlẹ̀ ni, àti àìmí lu nǹkan.
Ẹ ní olè ń kó lọ. Òótọ́ ni, ẹ kò kàn sọ ọ́ tán.
Olè a máa kó, a sì máa fi sílẹ̀,
bí ẹni tó gba inú èèmọ́ kọjá
tó ní òun ò gbé nǹkan kan.

Lára dígí tó fọ́, fọ́nrán òwú kan ń mì,
ó ní àwọ̀ ilẹ̀ tó mumi, kò gùn tó irun ìpénpéjú.
Mo fi ẹ̀mú yọ ọ́ bí ẹni yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ ọwọ́.

Harmen, ọmọ àbúrò Tjaard, ló gbé kọfí wá fún mi.
Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ṣáà ti mọ ẹni tó ṣe é."
Kọfí náà gbóná. Mo mu ún.
Ojú mi wà lára súwẹ́tà rẹ̀.

Ẹ má rò pé fọ́nrán kan tó láti so ènìyàn mọ́lẹ̀.
Àgùntàn pọ̀ láyé, òwú aláwọ̀ ilẹ̀ sì pọ̀ ju àgùntàn lọ.
Nítorí náà mo gba aṣọ àwọn méjèèjì,
mo gbọn ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí ìwé funfun, ní yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀,
mo wá fi ojú sí awò tó ń sọ èèrà di erin.
Lára ti Filmon: gírísì, èérún búrẹ́dì, irun ológbò.
Kò sí dígí. Mo wò ó lẹ́ẹ̀mẹrin.
Lára ti Harmen: èérún dígí mọ́kànlá
tó sá pamọ́ sínú ìhun súwẹ́tà,
ìmọ́lẹ̀ sì ń ṣẹ́ nínú wọn gẹ́lẹ́ bó ṣe ń ṣẹ́
nínú fèrèsé àká.

Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun.
Ọjọ́ kan yẹn kì í dá mọ́ fúnra rẹ̀;
ẹnìkan ní láti kúnlẹ̀ kí òjò tó dé.

Wọ́n yọ kẹ̀kẹ́ náà nínú odò, agbọ̀n rẹ̀ ti tẹ̀.
Kò sẹ́ni tó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Filmon.
Òun ló tún un ṣe. Ó gba owó rẹ̀ pé, kò sọ̀rọ̀.

Nígbà tí mo fi àwòrán fọ́nrán náà han Tjaard,
ó wò ó títí, ó ní, "Òwú Aaltje ni.
Òun ló hun súwẹ́tà yẹn fún ọmọ náà, ọdún tó ṣáájú ikú rẹ̀."
Ó bèèrè bóyá òun lè gbà á padà tí ẹjọ́ bá parí.
Mo ní súwẹ́tà ti wà nínú àpótí, ó ti gba nọ́ńbà.
Ó ní, "Súwẹ́tà kọ́.
Èyí tó já yẹn nìkan."