Orúkọ Tí Mo Sọ Ajá

Ẹ̀yìn ìsọ̀ fọkanáísà ní Tákì ni mo ti rí i,
nínú táyà tó ti gbó, òjò ti pa á,
eegun ìhà rẹ̀ ṣeé kà bí eyín òòyà.
Oyèkọ́lá ní, "Màmá, ẹ gbé e, kó má kú sí mi lọ́rùn."
Mo fi ìró mi gbé e.

Ìyá Àyọ̀ká yọjú lójú fèrèsé:
"Arúgbó àti ajá aláìsàn! Ta ni yóò tọ́jú ta ni?"
Ni mo bá sọ ajá ní Kòkànyín.

Dókítà ẹran fi irin lé e láyà, ó dákẹ́ pẹ́.
Kòkòrò ti wọ inú ọkàn.
Oògùn oṣù mẹ́ta.
Mo ta ọ̀kan nínú ẹ̀rọ ìránṣọ méjèèjì.

Mo fi oògùn pamọ́ sínú àkàrà;
ó jẹ àkàrà, ó tu oògùn sí mi lẹ́sẹ̀.

Lóru, tó bá wúkọ́, àyà mi a já.
Tí kò bá wúkọ́,
mo máa ń tan tọ́ọ̀ṣì, mo máa ń gbọ́wọ́ lé ìhà rẹ̀
títí yóò fi gbéra sókè.

Láàárọ̀ yìí ó gbó mọ́ Ìyá Àyọ̀ká,
ẹ̀ẹ̀kan péré, ikọ́ gba ìyókù.
Mo pè é wọlé,
mo fi gbogbo ohùn pe orúkọ rẹ̀.